Àwọn Igi Yín Tí Wọ́n Ṣán Mọ́ Koríko

Bàbá mi, ẹni mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbé lẹ́tà dé ibi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ nínú èèyàn, kí ó wá bébà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi. Láti ìgbà tí a ti sin yín ni mo ti ń wá ẹni tí màá rò ó fún, mo sì rí i pé ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Màámi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n yín ní Èkìtì. Ara wọn le, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹun tán mọ́. Èmi nìkan ni mo padà sí ilé wa ní Ìgàndò, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ bí mo ṣe máa ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fọ aṣọ yín kí n tó kó wọn pamọ́, mo rí kóró àgbálùmọ̀ nínú àpò ṣòkòtò kákí yín. Ẹ rántí bí Màámi ṣe máa ń bínú? Wọ́n á ní àpò olùkọ́ àgbà ti di àpò ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ̀yin á kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó gba kóró yín, ẹ ó lọ sá a sójú fèrèsé. Mo jókòó síbi tí mo ti ń fọṣọ náà, mo sunkún títí omi fi tutù.

Ọ̀rọ̀ igbó yín ni mo fẹ́ sọ. Sátidé ìmọ́tótó tó ń parí oṣù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn títí àdúgbò á fi kó gọ́tà tán. Ẹ kó ti iwájú ilé wa, ẹ gbé àdá, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọ igbó ìjọba, ẹ lọ ń kó ìdọ̀tí tí àwọn èèyàn ń dà síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rò pé ìfẹ̀yìntì ti ń ṣe yín bákan. Kò pẹ́ tí Bàbá Kúdí, onílé tó kọjú sí wa, fi tẹ̀ lé yín. Bísí nọ́ọ̀sì, ojúgbà mi, náà bá yín lọ, títí ẹ fi di ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ yín níṣẹ́. Ẹ la ọ̀nà dé etí odò, ẹ fi igi tó wó ṣe ìjókòó. Nígbà tó yá, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, tọkọtaya á wọ aṣọ wọn dáadáa lọ jókòó síbẹ̀ gba atẹ́gùn. Bàbá Kúdí á kírun tán, wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n á hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ á fi sá. Níbo la tún ti fẹ́ rí irú ibòji bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti di páànù àti búlọ́ọ̀kù?

Ohun tí àwọn yòókù ò mọ̀ ni pé ẹ̀yin ń gbin igi. Ní òdìkejì odò, níbi tí àwọn agégẹdú ti gé igi ńlá lọ, lẹ ti ń ri àgbálùmọ̀, òro àti àfàrà. Ẹ ò fi ọ̀pá sàmì sí ọ̀kankan, nítorí bí ọmọ onílẹ̀ bá rí ọ̀pá nínú igbó, wọ́n á rò pé ẹnì kan ti ń wọn ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì fa gbogbo rẹ̀ tu. Ẹ ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa dàgbà láàárín koríko títí wọn á fi ga ju èèyàn lọ, kí ẹ tó mú ẹgbẹ́ yín wá wò wọ́n. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó mú mi lọ. Ẹ ó máa fi ọwọ́ ya koríko, ẹ ó sì máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Àfàrà kan ti kan orúnkún yín.

Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, a gbé yín lọ sílé. Ọjọ́ tí a sin yín bọ́ sí Sátidé ìmọ́tótó, a ò sì lè kó gbogbo àdúgbò lọ sí Èkìtì. Àwọn tó kù ní Ìgàndò ò fẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lásán. Wọ́n jáde tọmọdé tàgbà, àwọn tí kò wọ igbó náà rí pàápàá gbé àdá. Wọ́n pinnu pé gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ yín bá ti tẹ̀ nínú igbó yẹn gbọ́dọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe dé ni Bàbá Kúdí wá mú mi, tẹ̀rín tẹ̀rín.

“Wá wo nǹkan tá a ṣe fún Tíṣà. Àwa náà ṣe òkú wọn níbí o jàre!”

Bàbá mi, ibẹ̀ mọ́. Ó mọ́ tónítóní. Wọ́n ti sọdá sí òdìkejì odò, wọ́n ṣán an láti etí omi títí dé ibi tí igbó ti dí, wọ́n ro ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ gbá a bí iwájú ilé lọ́jọ́ ọdún. Mo wá àfàrà yẹn. Mo wá àgbálùmọ̀. Òkìtì koríko kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ewé wọn wà nínú rẹ̀, ó ti rọ.

Mo bú sẹ́kún. Bísí dì mọ́ mi, òun náà ń sunkún.

“Má sunkún mọ́. Daddy á ti rí i níbi tí wọ́n wà. Àbí kò dáa?”

Mo ní ó dáa. Kí ni ǹ bá sọ? Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Kúdí ti bó.

Kí n má parọ́ fún yín, inú bí mi sí wọn, ó sì bí mi sí ẹ̀yin náà. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá Kúdí nìkan, ó kéré tán? Ṣé ẹ rò pé ẹ ó máa wà títí ni? Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà mì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òjò rọ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo rí i pé àwọn kan ti ń rúwé láti ìdí. Gbòǹgbò wọn ò kú! Sátidé ìmọ́tótó sì tún ń bọ̀, wọ́n á padà wá ṣán an nítorí yín. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á pa igi yín lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, bóyá ni ẹnikẹ́ni á tún gbé àdá wọ igbó yín láyé.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kúdí, mo sì sọ ọ́. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n ń yí i lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí.

“Yéè! Ọwọ́ ara wa la fi pa iṣẹ́ Tíṣà rẹ́. Èmi ni mo tiẹ̀ ní kí wọ́n tún ibẹ̀ gbá ṣá!”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sunkún. Lọ́jọ́ tí ẹ kú, n ò rí omi lójú wọn. Àwọn fúnra wọn ló lọ sọ fún àwọn yòókù, láti ojúlé dé ojúlé.

Àná ni Sátidé ìmọ́tótó. Mo rò pé wọn ò ní wá. Gbogbo wọn wá, àmọ́ wọ́n dúró sí etí igbó, àdá lábẹ́ abíyá, kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Ọmọ Tíṣà ni kó wá fi èyí tó jẹ́ igi hàn wọ́n, kí wọ́n lè mọ ibi tí àdá ò gbọ́dọ̀ dé.

Mo ṣáájú wọn sọdá odò, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dá àgbálùmọ̀ mọ̀. Mo dá àfàrà kan mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ewé wá jọra lójú mi. Bísí nawọ́ sí ọ̀kan.

“Eléyìí ńkọ́?”

Mi ò mọ̀.

“Èyí tó wà níbí yìí ńkọ́? Ṣé òun náà wà ńbẹ̀?”

Mi ò mọ̀, Bàbá mi. Nígbà tí ẹ bá ń kí wọn, ojú yín ni mo máa ń wò, bí ó ṣe ń tàn.

Mo ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Kúdí ló kọ́kọ́ gbé àdá wọn kalẹ̀. A jókòó sáàárín koríko títí ìjọba fi ṣí ọ̀nà, àwa àgbààgbà, à ń wo ewé tí a ò lè pè lórúkọ, a ò sì jẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ó lè jẹ́ tiyín.

Ẹ sùn ire, Bàbá mi.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ.