Maigida Tuntun Ilé Wa

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àìrí ara wa. Ọyẹ́ ti mú ní Jos, àmọ́ inú mi dùn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ara Màmá ti yá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Màmá ò sunkún tó bí a ṣe rò. Ọ̀rọ̀ ni wọn ò sọ mọ́. Ẹ sáà mọ̀ wọ́n, ẹni tó máa ń ti ilé ìdáná bá yín sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tí ẹ̀yin á máa fi "hùn-ún" dáhùn lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Gbogbo Sátidé ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì láti Bauchi Road lọ sí Bukuru. Màá bá wọn lórí àga, rédíò á máa sọ̀rọ̀, wọn ò ní máa gbọ́ ọ. Táyọ̀ àbúrò mi ní tí òun bá wá ṣe Kérésì, òun á mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Màmá ò gbà, wọn ò sì kọ̀.

Ni mo bá ra akọ tòlótòló kan ní ọjà Terminus tí a máa fi ṣọdún. Mo so ó sẹ́yìnkùlé, mo ní kí Màmá máa bá mi fún un lóúnjẹ. Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá pariwo, tòlótòló máa ń dáhùn? Èmi ò mọ̀. Àwo bọ́ lọ́wọ́ Màmá, wọ́n kígbe, ó dáhùn. Wọ́n tún kígbe, ó tún dáhùn.

Nígbà tí mo padà lọ, láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn. Mo rò pé wọ́n lálejò ni. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń ṣàlàyé fún tòlótòló bí epo ẹ̀pà ṣe wọ́n tó. Òun náà fẹ ìyẹ́, ó ń wọ́ apá nílẹ̀, ó ń dá wọn lóhùn. Ìyá Ladi, aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa, yọjú lórí ògiri, ó sì ṣèèṣì béèrè bó ṣe máa ń béèrè yín: "Ina maigida?" Baálé ilé ńkọ́? Mo yíjú sí Màmá. Màmá nawọ́ sí tòlótòló, wọ́n ní, "Ga shi nan." Òun nìyẹn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ladi fi di ògiri mú. Bó ṣe di Maigida nìyẹn. Ṣé kò bí yín nínú, Bàbá?

Táyọ̀ dé lọ́jọ́ tí Kérésì ku ọ̀la, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀bẹ. Màmá jáde, wọ́n dúró síwájú Maigida.

"Táyọ̀, kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?"

"Màmá, ṣebí ọdún la fẹ́ ṣe."

"Lọ ra adìyẹ. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyí."

Táyọ̀ wò mí. Mo wolẹ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó gba ọjà lọ.

Màmá jẹ ìrẹsì ọdún, wọ́n tún bù sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé àwọn ò lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ?" Ó yé mi nígbà yẹn. Gbogbo wa ló ń tọ́jú Màmá, kò sí ẹni tó ń jẹ́ kí Màmá tọ́jú òun.

Lọ́jọ́ tí Táyọ̀ ń padà, mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá kígbe bó ṣe máa ń kí yín nígbà tó bá ń lọ sílé ìwé: "Bàbá, mo ń lọ o!"

Maigida dáhùn. Táyọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ máa sinmi, Bàbá mi. Ilé yín ò dákẹ́ mọ́.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín dọ́ba.