Wáyà Èènì

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Mo kó 60,000 lọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ abẹ, 38,000. Wáyà, 9,000. Oògùn, 6,400. Ó ku 6,600.
Òwú tí wọ́n kọ́kọ́ fi rán ikùn ọkọ mi já nígbà tó wúkọ́. Kò-gbọ́ ni mò ń pè é nínú ìwé yìí — wọ́n ní kó má gbé pákó, ó gbé e. Dókítà ní wáyà irin ló kù: kì í jẹrà, kì í dípẹtà, kì í yọ́ sínú ara. Bí ọgbẹ́ bá jinná, wọ́n á yọ ọ́. Méjìdínlógún ló wà lórí rìsíìtì. Mo kà á lára rẹ̀. Ó pé.
Kò-gbọ́ ní, láti ọjọ́ tóun ti ń kan ìṣó mọ́ igi, igi ti gbẹ̀san.

Ọjọ́rú, 6
Ẹ̀jẹ̀ ń ro nísàlẹ̀ ọgbẹ́. Dókítà fi wáyà kan kún un lórí ìdúró. Mo bi í pé èló ni. "Màmá, ẹ fi ìyẹn ṣe èènì." Mo dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Wáyà fa àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ ya. 700. Ó ku 5,900.

Ọjọ́ Ajé, 18
Wọ́n yọ wáyà náà. Nọ́ọ̀sì ń fi ẹ̀mú gé e, ó ń jù ú sínú abọ́ — ko, ko. Kò-gbọ́ ní kó rọra, òun kì í ṣe pákó. Mo ka inú abọ́: méjìdínlógún. Ó bá rìsíìtì mu. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn.
Yíyọ, 1,500. Ọkọ̀, 400. Ó ku 4,000.

Ọjọ́bọ̀, 21
Ó ní nǹkan ń gún òun bóun bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní èépá ni.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Ara rẹ̀ gbóná láti àárọ̀. Ìsàlẹ̀ ọgbẹ́ wú, ó pọ́n. Mo ní pákó ló tún lọ gbé. Ó búra pé òun ò fọwọ́ kan pákó. "Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi mo gbọ́ràn, o ò tún gbà."
Mo ṣí ìwé yìí kí n wo iye tí dókítà gbà nígbà yẹn. Ojú mi já sórí Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà.
Wọn kò gbowó wáyà èènì náà, kò sí lórí rìsíìtì. Kò sí lórí rìsíìtì, èmi náà kò kà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́, rìsíìtì ni mo kà, n kò ka ara ọkọ mi.
Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ èépá náà, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Irin ni.
Ọkọ̀ ń dúró níta. 4,000 wà lápò mi.
Èyí tó wọlé, mọ́kàndínlógún. Èyí tó jáde, méjìdínlógún. Ó ku ẹyọ kan.