Irin Tí Mo Fi Ti Ilẹ̀kùn Màmá

Kóòṣì, àbúrò mi,

Tó o bá ń wá irin ìdárayá rẹ, òun ni mo fi ti ilẹ̀kùn yàrá Màmá kó má baà padé. Mi ò ṣe mọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣe é bó o ṣe kọ́ mi: mo tẹ̀ síwájú, mo na ẹ̀yìn gbọọrọ, mo fa irin wá sí ìhà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lósì. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ìwọ lo ṣáà ní ẹ̀yìn mi ni kò lágbára tí mi ò fi lè gbé Màmá lọ wẹ̀. O ra irin, o ò bá mi gbé Màmá rí.

Mo wá lọ gbé Màmá. Wẹ́rẹ́ ni mo gbé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Inú mi dùn, mo ní irin ti ṣiṣẹ́. Àfìgbà tí mo bọ́ aṣọ lọ́rùn wọn: egungun lásán ni mo gbé dání.

Mo ti lọ pe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Omi ìwẹ̀ wọn ti tutù. Tún un gbé kaná. Lónìí, ìwọ ni kó o gbé wọn. Má wulẹ̀ mí kanlẹ̀ kó o tó gbé wọn. Wọn ò wúwo mọ́.