Ẹni Tí Kò Gbé Ilé Wa

Ajé, 9 Fẹ́búárì 1987

Láti oṣù kọkànlá ni mo ti béèrè fún sìkọ́láṣípù yìí. Títí di òní, kò sí èsì. Nínú gbogbo àjọ tó ń ran olùwádìí lọ́wọ́ láti lọ kọ́ èdè lókè òkun, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí tó gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Onírùngbọ̀n — ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà — ní bí n kò bá gbọ́ èdè Potogí, kí n yéé kọ̀wé nípa àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ ẹrú tó padà wálé láti Bùràsíìlì. Kò parọ́. Ìwé ogún wọn wà ní Bàhíà, ní Bùràsíìlì lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tí yóò bá mi kà á. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó rán mi wá ti dákẹ́ látìgbà tí náírà ti wó. Bí èyí bá bọ́, ó di Ìlọrin ní oṣù kẹfà, lọ́wọ́ òfo.

Ìṣẹ́gun, 10 Fẹ́búárì

Yìnyín. Kò sí èsì.

Àbámẹ́ta, 14 Fẹ́búárì

N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ohun tí kò tíì tẹni lọ́wọ́, a kì í pariwo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Sìmíátù tó ni ilé (nọ́ọ̀sì, ará Ìlọrin bíi tèmi) rò pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àmínù, àbúrò rẹ̀ tó ń wa takisí, ní ìyàwó ni mo ń wá.

Àmínù fúnra rẹ̀ ò sùn dáadáa. Físà rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òfin tuntun tí wọ́n fi ń dárí ji àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú, ẹni tó ti wà níbí ṣáájú 1982 nìkan ló wà fún. 1983 ni tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé wa fi ní òfin tirẹ̀: òyìnbó tó bá fi fóònù béèrè ẹnikẹ́ni lórúkọ kíkún — onítọ̀hún kò gbé ibí, ó ti kó lọ. Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ìṣẹ́gun, 17 Fẹ́búárì

Mo pe àjọ náà láti ilé-ìwé. Akọ̀wé wọn ló gbé e, ẹni tí mo ń pè ní Ìyáàfin Sùúrù — gbogbo ìgbà ló máa ń ní kí n ṣe sùúrù. Lónìí, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn pe ilé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láti fún mi ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Obìnrin kan dáhùn pé mo ti padà sí Nàìjíríà pátápátá, kí Ọlọ́run mú mi dé láyọ̀. Wọ́n ti yọ orúkọ mi. Mo ní èmi rè é. Ó ní ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó dáhùn nílé yẹn pe àwọn, kó sọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì jẹ́rìí pé mo ń gbé ibẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì.

Ẹ̀gbọ́n ò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù tí mo fi bi í.

"Bádéjọ, ó pe orúkọ ẹ tán pátá! Mo ní, ha, immigration rè é. Mo ní o ti lọ sílé. Mo tún gbàdúrà sí i kó lè jọ òótọ́."

Àmínù bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, wọ́n ti deport yín lórí fóònù!"

Ẹ̀gbọ́n ní kí ló dé tí n kò sọ pé mò ń retí ìpè. Mo ní a kì í kéde oyún tí kò tíì yọ síta. "Fún nọ́ọ̀sì ńkọ́? Àwa ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ fún."

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pè wọ́n. Ó kọ̀. Mo ṣàlàyé pé àjọ yìí kì í ṣe ìjọba. Ó ní ṣé òyìnbó kan kì í mọ òyìnbó kejì ni? Kí òun fi orúkọ òun àti ilé òun lé wọn lọ́wọ́, tí Àmínù sì ń sùn nínú rẹ̀? "Ọmọ ìyá mi ni. Ìwọ, ìwé lo fẹ́ lọ kà." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́bọ̀, 19 Fẹ́búárì

Onírùngbọ̀n ní òun á jẹ́rìí mi. Ìyáàfin Sùúrù kọ̀ — kì í ṣe òun ló dáhùn fóònù. Mo rìn dé 79th Street, mo padà. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì Potogí sínú rédíò, mo pa á. N kò bẹ Ẹ̀gbọ́n mọ́. N kò sì lè wo ojú Àmínù. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹtì, 20 Fẹ́búárì

Mo jáde láti ilé ìwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó wà lórí fóònù, ó ń pe lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Yes, I lied. He lives in my house." Wọ́n bi í ní nǹkan kan. "No. Just me and him."

Kò parọ́. Bẹ́ẹ̀dì Àmínù ti ṣófo. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Woodridge láfẹ̀mọ́júmọ́. Àmínù fúnra rẹ̀ ló pinnu bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n wí. Ó ní kí n má dúpẹ́, òun ti pẹ́ níbi iṣẹ́.

Ajé, 23 Fẹ́búárì

Wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Inú mi ò dùn sí bí mo ṣe sọ̀rọ̀ dáadáa tó.

Àìkú, 1 Máàṣì

Mo pe Woodridge. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ Yorùbá. Wọ́n ṣì ní kò sí.

Àìkú, 8 Máàṣì

Àmínù pe Ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́. Ara rẹ̀ le. Ó ti kúrò ní Woodridge. Kò sọ ibi tó wà.

Ẹtì, 20 Máàṣì

Mo rí i gbà. Ọdún kan ní Bàhíà: oṣù díẹ̀ fún èdè, ìyókù fún àwọn ìwé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà títí ìgbọ̀nwọ́ fi ń ro mí. Ó wá jókòó, ó bọ́ bàtà. Ó béèrè, bí ẹni tó ń béèrè ojú ọjọ́, bóyá wọ́n ń yọ ènìyàn lẹ́nu nítorí ìwé ìgbélùú ní Bùràsíìlì bíi ti ibí.

Mo ní n kò mọ̀.

Ó ní, "Wádìí ẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn."