Kò Sáyè fún Àga Màámi Nínú Búùtù

Àbúrò mi,

Tí o bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, má wá wa. Mo ń gbé Màámi lọ sílé ìwòsàn. Ọkọ̀ tí o fi sílẹ̀ fún wa ṣì wà níta níbi tí o gbé e sí.

O ní gáàsì ni kó máa lò, pé èéfín pẹtiróòlù ló ń dá kún ikọ́ Màámi. Mo gbọ́, mo sì yìn ọ́. Àfi bí mo ṣe ṣí búùtù láàárọ̀ yìí, tí mo bá sílíńdà gáàsì tó nà gbalaja síbẹ̀ bí onílé! Mo ká àga onítáyà wọn, mo fi ẹ̀gbẹ́ tì í, kò wọlé. Ìwọ àti mẹkáníìkì tó bá ọ dè é mọ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó rántí àga nínú yín? Ṣé kí n pọ̀n wọ́n lọ ni?

Ọkọ̀ ògbólógbòó aládùúgbò wa tó ń ta bíríkì, èyí tí o máa ń bú pé ó ń rú èéfín bí ààrò, òun ló ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà báyìí.

Wá ibòmíràn fún sílíńdà yẹn kí a tó dé. Má fọwọ́ ara rẹ tú u o, mẹkáníìkì ni kí o pè. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, kì í ṣe pé inú mi dùn sí ọ.

Màámi ní kí n má bú ọ, pé nítorí àwọn lo ṣe ṣe é. Ẹnu ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n wà tí èéfín ọkọ̀ bíríkì fi gba ojú fèrèsé wọlé, ni ikọ́ bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu.