Mummy, Ẹ Má Tíì Jáde

Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jáde, ẹ má sì bínú. Fọ́tò yín la fi ṣe pósítà eré tẹlifíṣọ̀n tí kíláàsì wa ń ṣe. “Sùn Re o, Ìyá Wa” lorúkọ eré náà. Roqeeb tá a jọ wà ní kíláàsì ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri Ìkòsí, kò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé eré ni.

Bí ẹ ṣe ń sùn làwọn èèyàn ń wá kí mi kú ara fẹ́ra kù. Omi tí wọ́n gbé wá wà lábẹ́ tábìlì. Mo ti lọ ya àwọn pósítà náà kúrò.

Aunty Dorothy tí wọn ò bá yín sọ̀rọ̀ láti Kérésì ni wọ́n sunkún jù. Mo ní ẹ ò kú, ẹ ń sùn ni. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ìjà yín ò tíì parí.

Ṣọládé