Ọdún Méjìlá Ti Pẹ́ Jù fún Ojú Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo kí iṣẹ́, mo kí ilé tuntun, mo sì kí gbèsè tó wà lórí ilé náà, nítorí mi ò mọ èyí tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ kí nínú méjèèjì. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó dá ẹ sí láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọwọ́ kò ní fi ẹ́ sílẹ̀ ní ìlú ńlá tí o wà yẹn. Àwa náà wà, a dúpẹ́, bí a sì ṣe wà náà ni mo fẹ́ ròyìn fún ẹ. Pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ tí mo fi ń sàmì sára ògiri ni mo fi ń kọ ìwé yìí, nítorí náà bí ó bá ṣú níbì kan tí kò sì hàn níbòmíràn, má bínú, fara balẹ̀ kà á.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ni ti ojú ìyá rẹ, mi ò sì ní fi í pamọ́ fún ẹ mọ́. A ti lọ rí dókítà ojú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní kí ìyá rẹ gbé àgbọ̀n lé orí irin kan, ó tan iná sí i lójú, ó sì ń wò ó títí tí mo fi rò pé dókítà náà ti sùn síbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó ní ojú kan ti lọ, èkejì náà ń lọ, àti pé èyí tó bá ti lọ kò ní padà. Mo ní kí ló dé tí wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ, pé a ó wá owó. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, pé a ti pẹ́ ká tó wá ni. Ó fún wa ní oògùn tí à ń kán sí i lójú láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí ó lè fà á sẹ́yìn díẹ̀. Mo bi í pé díẹ̀ náà tó mélòó. Ó ní bóyá kí ọdún yìí tó parí. Nígbà tí a jáde, ìyá rẹ di apá mi mú, ó ní ṣé mo rí i bí bàtà dókítà yẹn ṣe ń dán, pé òun rí i.

Fọ́tò ilé tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ti dé. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ bí obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta ṣe kọ́ mi, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé bí mo ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ bíríkìlà ẹlẹgbẹ́ mi wò. Mo rí ibi tí ògiri ti lanu lápá òsì, ó gùn láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀, ọkàn mi sì dà rú. Mo gbé fóònù, mo sáré lọ bá obìnrin náà, mo ní kó bá mi pè ẹ́ kíákíá kí o kó ẹrù rẹ jáde kí ilé tó wó. Ó gba fóònù, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ògiri sì padà bọ̀ sípò. Ó ní irun ni. Irun orí mi ni o, ó já bọ́ sójú gíláàsì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìyá rẹ gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú títí tí imú rẹ̀ fi kàn án, ó ní ilé náà funfun dáadáa, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi. Ilé yẹn kì í ṣe funfun. Búlúù ni wọ́n kùn ún.

Ní ti ilé ọ̀hún, mo ti gbìyànjú kí ó yé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ṣàlàyé rẹ̀, mo sì ń dáhùn pé ó ti yé mi nítorí owó ń jó lórí fóònù rẹ. O ní ìwọ lo ni ín. O ní ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ báńkì. O ní ò ń sanwó fún wọn lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bí o bá sì fi oṣù mélòó kan gbàgbé, wọ́n lè lé ẹ síta. Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà. Mo mọ onílé, mo mọ ayálégbé, mo mọ ẹni tó ń ṣọ́lé. Ẹni tó ń báni ṣọ́lé tó tún ń sanwó fún ẹni tó ń bá ṣọ́ ọ, ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí. Ilé tí à ń gbé yìí, ọdún méjìdínlógún ni mo fi kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, ọdún kan sì wà tó jẹ́ pé fèrèsé kan péré ni agbára mi ká. Òjò pa wá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wá kanlẹ̀kùn pé ká jáde.

Èyí tó tún wá ká mi lára ni pé yàrá mẹ́ta ló wà nínú ilé náà, o sì ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta háyà fún àwọn ẹni ẹlẹ́ni, ìwọ fúnra rẹ ń sùn lórí àga gígùn ní pálọ̀ kí owó lè tètè pé. Bí o bá dé láti ọ́fíìsì, o tún ń fi mọ́tò kó èrò kiri. O ní o ti jáwọ́ nínú ẹran. O ní ìlọ́po méjì lò ń san fún báńkì báyìí kí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lè di méjìlá, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù, ò ń kó o sí ibì kan tí o ò lè fọwọ́ kàn títí o fi máa fẹ̀yìn tì. Mo bi ẹ́ pé ta ló ń bá ẹ tọ́jú rẹ̀, o ní báńkì yẹn náà ni. Ìyẹn ni pé o jẹ wọ́n ní gbèsè, o sì tún ń yá wọn lówó. Ó yẹ kí àwọn náà máa sùn ní pálọ̀ ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì yẹn gan-an ló kọ́kọ́ kó ìpayà bá mi. O ní bí o bá ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, o ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Mo rò pé àìsàn kan ló ń ṣe ẹ́ tí o ò fẹ́ sọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ orí yẹn, orí àkàbà ló ti já bọ́. Ìyá rẹ ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní o ti sọ fún òun pé ìsinmi lásán ni, pé o fẹ́ san gbogbo gbèsè tán, kí o fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà, kí o wá máa jókòó tì wá níwájú ilé. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ báyìí, mo ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀. Ó kà á dé mẹ́wàá, ìka tán, ó sì mú méjì nínú tèmi kún un. Ó kàn di ìka mi méjèèjì mú bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi lọ sí báńkì nìyẹn. Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ sọ fún ẹ. Mo rántí bàbá bàbá mi tó ṣe ìwọ̀fà nígbà ayé tirẹ̀. Ó yáwó lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ó wá ń gbé nílé ọkùnrin náà, ó ń ṣiṣẹ́ fún un títí gbèsè fi tán. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé, àbúrò rẹ̀ á lọ dúró dípò rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, òun á sì wá sílé. Bí mo ṣe ro ti ìwọ náà wò, ọ̀kan náà ni: ò ń gbé ilé olówó, ò ń ṣiṣẹ́ fún olówó, o ò sì wálé láti ọdún mẹ́rin. Mo ní báńkì ló mú ẹ mọ́lẹ̀. Mo fọ aṣọ, mo kó irin iṣẹ́ mi sínú àpò, mo wọ mọ́tò lọ sí ìlú tó wà níwájú wa níbi tí báńkì rẹ ti ní ẹ̀ka. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kò le: kí wọ́n jẹ́ kí o wálé fún ọjọ́ méje, kí èmi lọ jókòó sínú ilé náà dípò rẹ. Bí ohunkóhun bá bàjẹ́ lára ògiri láàárín ọjọ́ méje náà, màá tún un ṣe, wọn ò ní san kọ́bọ̀.

Ilẹ̀kùn wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ó há mi sáàárín gíláàsì méjì, ohùn kan sì ń pariwo pé mo gbé irin dání. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, irin ni, irin tí mo fi ń rẹ́lé, òòlù, àti okùn ìwọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n kó wọn sílẹ̀ níta. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó má fi okùn mi so nǹkan kan. Nígbà tí mo wọlé, òtútù mú mi dé eegun. Ẹ̀rọ kan yọ bébà fún mi, ó kọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún sí i. Mo rò pé ọjọ́ orí mi ló ń fojú díwọ̀n, mo sì lọ bá ẹ̀ṣọ́ pé mi ò tíì tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wá dá mi lóhùn, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé èèyàn mélòó ni mò ń bọ́, mo kọ ọ́ pé ẹnì kan, kò sì jẹun púpọ̀. Wọ́n bi mí pé èló ni gbèsè tí mò ń béèrè, mo kọ ọ́ pé mi ò béèrè gbèsè, ọmọ ni mò ń béèrè. Ó kà á, ó gbójú sókè wò mí, ó tún kà á. Mo ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní òun ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àkáǹtì ẹnikẹ́ni fún ẹlòmíràn, kódà kó jẹ́ bàbá tó bí i. Ṣùgbọ́n ó ní òun lè sọ èyí tó kan gbogbo èèyàn fún mi. Ó ní báńkì kì í mú ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ó ní ẹni tó jẹ gbèsè ilé lè rìnrìn àjò nígbà tó bá wù ú, kó ṣáà ti san ti oṣù yẹn, pé kò sí ẹni tó ń ka iye ọjọ́ tó sùn níbẹ̀. Mo ní ṣé ó dá a lójú, ó ní ó dá òun lójú. Mo ní ṣé ọmọ mi mọ̀. Ó dá fọ́ọ̀mù padà fún mi, ó ní ó ní láti jẹ́ pé o mọ̀.

Mo kó irin mi, mo jáde. Ọmọ mi, kí n má parọ́ fún ẹ, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti dókítà lọ. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá báńkì bínú. Ọ̀rọ̀ ìkíni tí wọ́n máa ń fi sórí fóònù mi láràárọ̀, tí wọ́n á pè mí ní oníbàárà ọ̀wọ́n, mo ti jáwọ́ nínú dídá wọn lóhùn nítorí tìrẹ. Àṣé wọn ò ṣẹ̀ mí. Kò sí ẹni tó dè ẹ́ mọ́lẹ̀, ìwọ lo de ara rẹ.

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà, inú ń bí mi, mo ti to èébú jọ tí mo fẹ́ kọ sí ẹ. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí ara mi. Lọ́dún tí o bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ilé alájà mẹ́ta kan ni mò ń kọ́ lọ́nà jíjìn. Ìyá rẹ ránṣẹ́ pé kí n wá wò ẹ́, o ti ń gbẹ́sẹ̀. Mo ní kí n parí àjà kejì ná, kí n rí owó tí màá fi ra páànù ilé wa. Nígbà tí màá fi dé, o ti ń sáré, èmi gan-an lo sì sá fún, o lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ, o bi í pé ta nìyẹn. Páànù tí mo rà ló wà lórí wa báyìí, kò jò, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́sẹ̀ rẹ yẹn, mi ò rí i, mi ò sì ní rí i mọ́. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ohun tí ò ń ṣe yìí, mi ò wá lẹ́nu tí mo fi máa bú ẹ. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́.

Mi ò ní kí o má san gbèsè, san án. Mi ò ní kí o má ronú ìgbà ogbó, orúnkún mi yìí ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé ó yẹ kí èmi náà ti ronú rẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí ò ń tọ́jú pamọ́ yẹn, tí o ní o máa wá fi jókòó tì wá, mo ti bá ẹ ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣírò búlọ́ọ̀kù. Ní ọdún méjìlá sí àkókò yìí, bí Ọlọ́run bá dá wa sí, ìyá rẹ á gbọ́ ohùn rẹ. Á fọwọ́ pa ẹ́ lójú. Á bi mí pé ṣé orí rẹ ti ń pá bíi tèmi, èmi ni màá sì máa ròyìn rẹ fún un nígbà tí o jókòó síwájú rẹ̀. Kò ní rí ẹ. Ní báyìí, bí èèyàn bá dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀ nínú oòrùn, tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ó ṣì ń rí i. Àná ló rí i pé mi ò fá irùngbọ̀n, ó sì bá mi jà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, torí o mọ̀ pé mi kì í kọ̀wé sí ẹ kí n má tọrọ. Ìgò oògùn ojú ku ẹyọ kan, ṣùgbọ́n mi ò tọrọ ìyẹn, mo ti rí ògiri kékeré kan tí wọ́n ní kí n wá rẹ́, màá fi owó rẹ̀ rà á. Owó mọ́tò ni mò ń tọrọ, àlọ àti àbọ̀, ti ẹnì kan ṣoṣo. Yọ ọ́ nínú ìlọ́po méjì tí ò ń san yẹn, jẹ́ kí oṣù kan péré jẹ́ ìlọ́po kan. Má fi owó náà ránṣẹ́ sí wa. Fi wọ mọ́tò. Ọ̀sán gangan ni kí o dé, nígbà tí oòrùn bá wà dáadáa.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o san gbèsè náà tán, á jẹ́ kí o sùn nínú yàrá ilé ara rẹ, ara rẹ á le, ọ̀nà rẹ á là, o ò ní fi ọwọ́ òfo dàgbà, àwa náà á sì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n fún òun ní pẹ́ńsùlù, pé òun fúnra òun lòun fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tó ṣófo, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun rí i. Orí àdúrà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán ló kọ ọ́ sí, tiẹ̀ sì ti gun tèmi. Mi ò pa á rẹ́. Bí o bá wò ó dáadáa, máa bọ̀ ló kọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.